Làpálàpá Tó Fẹ́ Yọ Mí Kúrò Nídìí Àwo

Kí ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kọ́kọ́ jẹun tán kó tó ka èyí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ rárá.

Alágbàfọ̀ ni mí ní Tokpota, nínú ìlú Àjàṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, àbí ilé ìwé ló fi mí sílẹ̀, àwa méjèèjì ò tíì parí àríyànjiyàn yẹn, inú omi ni ọwọ́ mi wà. Omi ọṣẹ láàárọ̀, omi àmìdọ́n, sítáàṣì tó ń mú agbádá le gbagidi, lọ́sàn-án. Mo ti fọ aṣọ ìyàwó, mo ti fọ aṣọ ẹni tó ṣubú sí kòtò ìgbẹ́, mo sì ti fọ ṣòkòtò ọkùnrin kan tó tóbi débi pé nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ọ̀sà Àjàṣẹ́ fà sẹ́yìn, àwọn apẹja bá mi jà. Ìdọ̀tí ẹlòmíràn kò rí mi lára rí. Tèmi ló wá rí mi lára.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, àwa àgbàlagbà mẹ́rin máa ń jẹun pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa ní àdúgbò Akron. Òun ló dàgbà jù nínú wa, aṣọ ló ń tà kó tó fẹ̀yìn tì. Èkejì jẹ́ aránṣọ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ awakọ̀ tó fi ayé rẹ̀ wakọ̀ lọ sí ibodè Kraké, tó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ ròyìn Kraké fún wa. Àwo ńlá kan ṣoṣo, ọwọ́ ọ̀tún mẹ́rin. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n á gbé ìrẹsì jáde, tàbí àmìwọ̀, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò títí tó fi pọ́n dẹ̀dẹ̀, adìyẹ á sùn lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n á ní "Bìsímílà", ọwọ́ á wọlé. Tí a bá jẹ tán, a fọ ọwọ́, a nu ún sára aṣọ ìnuwọ́ kan, sẹ́fìyẹ́ẹ̀tì, tó máa ń rọ̀ lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a bẹ̀rẹ̀ irọ́ pípa.

Ọ̀rọ̀ àwo yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi. Gbogbo wa la ní ìkòkò nílé. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá wà nínú àwo yẹn, o ṣì jẹ́ ènìyàn láàárín ènìyàn. Kí n tó di ara wọn, ẹnì kan wà tí awọ ara rẹ̀ ń bó, wọ́n bá gbé abọ́ tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀. Wọ́n ní kò bínú. Ó jẹun, ó dúpẹ́, ó lọ ilé, kò padà wá mọ́. Ìgbà tí wọ́n tún gbúròó rẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ló mú ìròyìn wá.

Ẹ ó rí i nígbà náà ìdí tí àyà mi fi já nígbà tí nǹkan yọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún mi.

Ó rí róbótó. Etí rẹ̀ ga, ó pọ́n, ó ń bó wẹ́wẹ́ bí ẹfun. Àárín rẹ̀ mọ́, bí ẹni pé nǹkan kan ti jẹun tán níbẹ̀ tó sì ti ń wá oko mìíràn. Láàárín ìka, níbi tí omi kì í gbẹ, awọ ti funfun, ó ti rọ̀, ó ń rùn bí ẹ̀kọ tó bu. Mo gbóòórùn rẹ̀. Èébì gbé mi. Mo tún gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má bi mí ìdí, ẹ̀yin náà ń ṣe é. Làpálàpá ni. Làpálàpá, ohun tó ń yọ sórí ọmọ kékeré, lọ́wọ́ arúgbó!

Ó sì ń yún mi. Bí mo bá họ ọ́ ní Tokpota, àwọn ajá Kraké á gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á máa họ etí. Kókó kan yọ sí mi lábẹ́ abíyá, ó le bí ekùrọ́, ó ń dùn mí. Mo ń fi ọwọ́ pamọ́ bí ẹni tó jí ẹyin.

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ fura.

"Alágbàfọ̀, kí lò ń họ bí adìyẹ tó ń wá kòkòrò yìí?"

"Ẹ̀fọn ni."

"Ẹ̀fọn wo ló ń jẹ ènìyàn ní róbótó? Ṣé ó ń fi okùn wọ̀n ọ́n ni?" Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó fa pọmáàdì kékeré kan yọ lápò. "Fi èyí pa á. Kraké ni wọ́n ti ń tà á. Àwọn obìnrin ń fi í bóra, àwọn ọkùnrin ń fi í pa ibi tí wọn ò lè dárúkọ."

"Ìwọ ńkọ́, ibo lo fi ń pa?"

"Ta ló bi ọ́?"

Mo pa á. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ gùn, ìwé mi ò sì pọ̀, mo máa ń ka lẹ́tà bí ẹni tó ń ṣa egungun ẹja lẹ́nu. Kí n tó ka orúkọ náà tán, yíyún ti dákẹ́. Bí oorun ọjọ́ mélòó kan ti kọjá, pípọ́n rẹ̀ lọ. Kókó abíyá fọ́n ká. Mo ní Àlùhámúdùlílà. Mo lọ sí Akron, mo ti ọwọ́ bọ àwo, mo jẹun bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ó dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Ńṣe ló bọ́ bàtà bí olè, ó ń rìn. Ó kọjá ọrùn ọwọ́, ó ń gun apá lọ, etí rẹ̀ kò hàn mọ́ dáadáa, ó kàn ràn káàkiri bí àbàwọ́n epo lára àrán. Awọ mi fẹ́lẹ́, ó ń dán bí èèpo àlùbọ́sà, mo ń rí iṣan lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn irorẹ́ wẹ́wẹ́ yọ, orí wọn funfun. Bí mo bá tẹ ọ̀kan, ohun tó ń jáde níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn Àjàṣẹ́, mo ń làágùn bí ìkòkò. Mo tún ń pa pọmáàdì sí i. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ohun tó ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ó tún máa dákẹ́ ni.

Wọ̀bìà ló tú mi fó. Ìwe adìyẹ wà ní apá ọ̀hún àwo, mo nawọ́, apá aṣọ mi sún sókè. Ẹ̀gbọ́n dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Kí ni èyí?"

Irọ́ kì í wọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àlùjọ̀nnú obìnrin kan ni mo pàdé ní Kraké. Ó ní ọwọ́ mi wu òun, ó fi òrùka sí i. Àwọn aṣọ́bodè fẹ́ gba owó ibodè lórí rẹ̀, mo ní bí wọ́n bá lè bọ́ ọ, kí wọ́n máa mú un lọ."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀ padà sínú àwo. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn o. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Yọ ọwọ́ rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́..."

"A ò kórìíra rẹ. Yọ ọwọ́ rẹ ni mo wí. Ìyá wọn, ẹ bá wa gbé abọ́ kékeré kan wá."

Abọ́ rọ́bà aláwọ̀ ewéko ni. Wọ́n fi ìwe náà sínú rẹ̀ fún mi, bí ẹni tó ń fún mi ní gbà-má-bínú. Ìrẹsì kan náà ni, adìyẹ kan náà ni, ó di ẹrẹ̀ lẹ́nu mi. Awakọ̀ kò gbé ojú sókè. A jẹ tán, a fọ ọwọ́, a nu ún, mo dúpẹ́. Ìgbà tí mo gbọ́ ara mi tí mo ń dúpẹ́, mo rántí. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé abọ́ tirẹ̀ fún lọ́tọ̀ náà dúpẹ́.

Ìyẹn ló gbé mi dé lopitáàlì, èmi tí mo máa ń sọ pé inú ibẹ̀ ni àìsàn ń gbé. Dókítà awọ ara jẹ́ ọmọbìnrin kan tí àbíkẹ́yìn mi lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún. Ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha èèpo ọwọ́ mi sórí dígí, ó kán omi kan sí i, ó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá.

"Ẹ wá wò ó, Bàbá."

Mo wò ó. Ẹ bá mi gbọ́: okùn ni. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ń ya ẹ̀ka, tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí irun tó dí ojú ihò balùwẹ̀.

"Kí ni ìyẹn ń ṣe lára mi?"

"Ó ń jẹun. Awọ òkè tó ti kú ló ń jẹ. Ìbátan olu ni, Bàbá, olu inú igbó tí ẹ mọ̀ yẹn."

"Olu! Mo máa ń jẹ olu!"

"Òun náà ń jẹ yín."

Mo bi í léèrè ìdí tí ara mi fi jókòó tó ń wo olu. Ó ní kí n fi ohun tí mo ń pa hàn án. Mo yọ pọmáàdì. Ó wo orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

"Háà, Bàbá. Ara yín ń jà. Ẹ̀yin lẹ ní kó dákẹ́."

Ó fa àga mọ́ mi, ó sì ṣàlàyé. Bó ṣe yé mi ni mo fẹ́ sọ ọ́. Bí irọ́ bá wọ inú rẹ̀, tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní awọ fúnra rẹ̀ ni aṣọ́nà. Bí olu bá ti ń ti okùn rẹ̀ wọlé, awọ á ké. Àwọn kan wà nítòsí tí iṣẹ́ wọn kò ju jíjẹ lọ: ohun tí wọ́n bá ti dì mú, wọ́n á gbé e mì. Mo ní mo mọ irú wọn, mò ń bá mẹ́ta jẹun ní Jímọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ajẹun yìí kò lè dá ogun náà jà, torí okùn olu gùn ju ẹnu wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìránṣẹ́ fi wà láàárín awọ, tí wọ́n ní apá púpọ̀ bí alákàn. Ìránṣẹ́ á já àkísà kan lára ọ̀tá, á sì sá lọ sínú kókó abẹ́ abíyá. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà kan jókòó sí, olúkúlùkù wọn kò mọ̀ ju aṣọ ọ̀tá kan ṣoṣo lọ láyé. Ìránṣẹ́ á máa fi àkísà hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé o mọ̀ ọ́n? N ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ńkọ́? Títí yóò fi kan ẹni tó mọ̀ ọ́n. Onítọ̀hún á fò dìde, ọ̀kan á di méjì, méjì á di ọ̀pọ̀, wọ́n á gba ojú ẹ̀jẹ̀ dé ibi ìjà.

"Wọ́n á wá jẹ olu náà?"

"Rárá o. Wọ́n á pariwo ni. Ariwo wọn ló ń sọ fún ajẹun pé kó tẹra mọ́ ọn, òun ló ń sọ fún awọ pé kó da oró tirẹ̀ síta, òun náà ló ń pe àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n ń ya wọlé bí èrò ọjà. Àwọn yẹn ń jà, wọ́n sì ń kú síbẹ̀. Ọyún tí ẹ ń rí, Bàbá, òkú wọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Mo rántí gbogbo ọyún tí mo ti nu mọ́ ṣòkòtò láti kékeré. Itẹ́ òkú ni mo ti ń wọ̀ kiri.

"Ta ni ọ̀gá wọn?"

"Wọn ò ní ọ̀gá. Bí ẹgbẹ́ kan bá yẹ̀ kúrò, ìyókù ń ṣe wàhálà lásán. Pípọ́n, wíwú, yíyún, kókó abíyá, ariwo ìjà wọn ni. Pọmáàdì yìí ò pa olu kankan. Àwọn tó ń jà ló fún ní oorun."

Ìyẹn yé mi dáadáa. Olè wọlé, ajá ń gbó, baálé bínú jáde, ó lu ajá pa, ó ní ilé ti tòrò.

Ó fún mi ní oògùn gidi. Ó ní yóò máa ba ògiri ara olu jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun mi ni yóò parí iṣẹ́, kí n má sì pa pọmáàdì yẹn mọ́ láé. "Mo sì ń sọ fún yín, bí wọ́n bá jí, inú á bí wọn. Ọwọ́ yín á burú kó tó dára."

"Ọmọ mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti yọ mí kúrò nínú àwo. Ṣé mo ti kó o ràn wọ́n nínú oúnjẹ?"

"Kì í gba ọ̀fun wọlé. Ara sí ara ló ń gbà, àti aṣọ. Kí ẹ má ti ọwọ́ tó ní egbò bọ oúnjẹ o, ìyẹn ò dára. Ṣùgbọ́n aṣọ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ta ni ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń lo aṣọ ìnuwọ́?"

Sẹ́fìyẹ́ẹ̀tì Akron ló dúró níwájú mi bí ẹlẹ́rìí. Aláwọ̀ aró ni nígbà kan. Nísinsìnyí kò ní àwọ̀ tó ní orúkọ. Kì í gbẹ. Bí a ti ń nu ọwọ́ sí i la ń nu ẹnu sí i, la ń nu òógùn orí sí i, aránṣọ ń fun imú sí i nígbà tó bá rò pé a ò rí òun. Ó ń rùn bí ìdí ewúrẹ́. Èmi alágbàfọ̀, tí mo ti fọ aṣọ gbogbo Tokpota, mi ò fọ̀ ọ́ rí, kò sì sẹ́ni tó gbé e fún mi. Aṣọ gbogbo wa ni, ìyẹn ni pé kì í ṣe aṣọ ẹnì kankan. Wọ́n yọ ọwọ́ mi kúrò nínú àwo, wọ́n sì jẹ́ kí n nu ọwọ́ kan náà sára aṣọ tí wọ́n fi nu ojú!

Mo délé, mo ju pọmáàdì sí ṣáláńgá. Kò pẹ́, àwọn ọmọ ogun jí. Yéè! Ọwọ́ mi wú bí búrẹ́dì inú omi. Ó pọ́n, ó là, ó ń ṣomi, omi náà ń gbẹ di ìpẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ìpẹ́ náà ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, bí mo bá ṣí aṣọ, ó ń ṣí pẹ̀lú ohun tí mi ò fẹ́ mọ̀ bóyá awọ ni. Yíyún padà pẹ̀lú gbogbo ìdílé rẹ̀. Mo dúró lórí ihò ṣáláńgá, mo ń wo ìsàlẹ̀, mo ń rò ó bóyá apá mi gùn tó láti mú pọmáàdì náà jáde. Ẹ wo ibi tí ìyà ń mú ènìyàn dé. Nígbà tí kókó abíyá tún yọ, mo kí i káàbọ̀ bí àlejò láti Mẹ́kà.

Jímọ̀ dé. Bí mo bá lọ, wọ́n á rí ọwọ́ tó burú ju èyí tí wọ́n lé. Bí mi ò bá lọ, mo ti di ọkùnrin àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo gun ọ̀kadà sẹ́mìjàn. Ẹni tó gbé mi ń wo ọwọ́ mi nínú dígí, ó bi mí léèrè ohun tó ṣe é. Mo ní òjìjí kan ló gbé e mì lọ́sà, mo fà á jáde pẹ̀lú ìfun rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Akron.

Abọ́ rọ́bà ti wà nílẹ̀ dè mí, ìrẹsì ti wà nínú rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo tẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀ lórí ẹní lójú gbogbo wọn.

"Súbúhánà!" Aránṣọ sún sẹ́yìn. "Ẹni yìí ti ń jẹrà!"

"Kì í jẹrà, ó ń jagun ni," mo ní, mo sì rò ó fún wọn látorí pọmáàdì awakọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo fi iyọ̀ sí i díẹ̀. Mo ní nínú awò dókítà, mo rí ajẹun kan tó wé láwàní, mo rí ìránṣẹ́ tó gbé àkísà lérí tó ń sáré bí ẹni tí aṣọ́bodè ń lé, mo rí àgbà kan tó gbé àkísà náà sókè tó ní "Èyí! Èyí ni!"

"Ṣé wọ́n ń kírun?" aránṣọ bi mí.

"Àkókò ìrun kò tíì tó nígbà tí mo wò wọ́n." Mo nàka sí ìṣó. "Aṣọ yẹn ni dókítà ní ó kó o ràn mí. Ta ló kọ́kọ́ ní i nínú wa?"

Ọwọ́ òsì awakọ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, àpò náà sì ń mira.

"Awakọ̀," Ẹ̀gbọ́n ní, "pọmáàdì Kraké tí o fún un, kí ni ìwọ fi ń pa?"

"Itan ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ibo ní itan?"

"Lókè."

"Lókè dé ibo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ọjọ́ Jímọ̀ ni."

"Ọjọ́ wo ló ti ń yún ọ?"

"Ó... ó ti pẹ́ díẹ̀. Mò ń tọ́jú rẹ̀."

"O ń họ ọ́, o sì ń wá síbí wá nu ọwọ́!"

Aránṣọ ti gbé ìka rẹ̀ sún mọ́ ojú rẹ̀ gan-an. "Ẹ bá mi wo ibí yìí. Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló gún mi." A wò ó. Abẹ́rẹ́ kì í gún ènìyàn ní róbótó. Ẹ̀gbọ́n rọra bọ́ fìlà rẹ̀, ó yí orí padà. Róbótó kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó pọ́n, ó ga, ó ń bó wẹ́wẹ́. Àgbàlagbà tó lé mi nídìí àwo! Ìríra gbà mí lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, inú mi sì dùn gidigidi. Àwọn méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan, mo jẹ́rìí sí i.

Ìrẹsì ń tutù. Awakọ̀ ní, ohùn rẹ̀ kéré, "Ṣé ká wá máa jẹun ní abọ́ mẹ́rin ni?"

"Rárá," Ẹ̀gbọ́n ní. "Bí a bá pín in, ó ti tán nìyẹn. Ìyá wọn! Ẹ kó ṣíbí wá, mẹ́rin."

Ìyàwó rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà. "Ṣíbí fún ta?"

"Fún wa."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwọn tí ò ní ìka ló ń fi irin há oúnjẹ sẹ́nu?"

"Kó ṣíbí wá, obìnrin yìí. Kó o tún gbé aṣọ burúkú yẹn kúrò níbẹ̀."

Ó kó ṣíbí wá. Ó wá fi igi gbé sẹ́fìyẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ìṣó, ó nà án síwájú bí ẹni tó pa ejò, ó bi wá ta ló ni ín. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nàka sí awakọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó mú un, kó lọ sun ún, kó sì lọ fi itan rẹ̀ han dókítà ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀. Awakọ̀ ní òun kò lè bọ́ ṣòkòtò lójú ọmọdé. Aránṣọ ní kó bọ́ ọ lójú àlùjọ̀nnú Kraké.

Mo gbé abọ́ rọ́bà, mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú àwo ńlá. Kò sẹ́ni tó dí mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ní "Bìsímílà". Ṣíbí kọlu ṣíbí, ìrẹsì ń fò sórí ẹní, aránṣọ fi ṣíbí gún àgbọ̀n ara rẹ̀. Ìka mi ń là bí mo ṣe di ṣíbí mú, mo ń di í mú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bu tirẹ̀, ó há a sẹ́nu, ó lá ṣíbí náà nínú, ó yí i, ó lá ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìdí dé orí, itọ́ ń fà lára rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn, ó sì tún gbé e lọ sí àárín gbùngbùn àwo, ó rò ó pọ̀.

Mo pa ojú dé, mo ti ṣíbí mi bọ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, mo bu tèmi.